Sùn Ni O Kọ, Sún Ni Mo Kà

Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi tí kò sọnù,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí olùkọ́ wa ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà sọ pé ẹni tó bá ń kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ kí èèyàn yó kí ó tó tọrọ nǹkan. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ búrẹ́dì ń lọ déédéé? Ṣé ọkọ rẹ tó ń ṣiṣẹ́ lójú omi ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́? Àbúrò ọkọ rẹ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jí ní kùtùkùtù báyìí? Ìyá Kékeré ńkọ́, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin tí ẹnu rẹ̀ dà bíi ti àádọ́ta? Iná búrẹ́dì kò ní jó ọ lọ́wọ́, ọ̀gá rẹ kò ní rí ẹ̀sùn kà sí ọ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ tó gbé ọ jáde láàárọ̀ ni yóò máa gbé ọ padà wọlé. Bí o bá fẹ́ gbọ́ nípa tèmi, mo wà láàyè, mo ń jẹun, ojú nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. Mo ní láti na abẹ́rẹ́ jìnnà sí ojú kí n tó rí ihò rẹ̀, bí mo bá sì ti nà án jìnnà tán, ọwọ́ kejì ò tó o mọ́ láti ki òwú bọ̀ ọ́. Onídìrí ló ń bá mi kì í.

Onídìrí yìí náà kí ọ. O mọ̀ ọ́n, ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, tó ń dirun fún àwọn ọmọbìnrin iléèwé. Òun ló ń bá mi gba iná sí fóònù, òun ló sì ń bá mi tẹ ibi tó yẹ kí n tẹ̀. Páànù ṣọ́ọ̀bù mi ti ń jò níbì kan, mo gbé garawa síbẹ̀. Adìyẹ abọ́lọ́rùn yẹn ti pa ọmọ mẹ́fà, inú àpò òwú mi ló pa wọ́n sí, mi ò sì lè lé e, nítorí òun nìkan ni nǹkan tó ń mí nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tí Onídìrí bá ti tilẹ̀kùn rẹ̀ lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Àìkú, o ò pariwo, jẹ́jẹ́ lò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin sẹ́nu, èmi tí mo bí ọ sì mọ̀ pé bí o bá ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tèmi náà, nítorí agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ohun tí o kọ ránṣẹ́ sórí fóònù rèé, mo dà á kọ bó ṣe wà: Mama, omo ko fe sun lori beedi re. O ni afi ki n sun segbee. O ti su mi, e gba mi o. Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà níhòòhò bí adìyẹ tí wọ́n ti tu níyẹ̀ẹ́. Olùkọ́ wa ti kìlọ̀ fún wa pé ká má kọ̀wé báyẹn, ó ní ọ̀rọ̀ tí kò lámì dà bí ilé tí kò ní nọ́ḿbà, ibi tó bá wu àlejò ló máa yà sí. Mo jókòó tì í. Mo ní sun wo nìyí? Ṣé sùn ni àbí sún? Mo wá rò ó pé ọmọ wo ló máa ní òun ò fẹ́ sùn? Ìwọ gan-an, bí mo bá ti gbé ọ lé ìrọ̀rí báyìí, o ti sùn kí n tó yọwọ́. Nítorí náà kò lè jẹ́ sùn. Sún ni. Ọmọ kò fẹ́ sún lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, ó ní àfi kí ìwọ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ti sú ọ.

Mo bá fojú inú rí ọ, ìwọ tó ti dúró ti iná búrẹ́dì láti ìdájí, tí o wá fi ẹ̀gbẹ́ kan rọ̀ mọ́ etí bẹ́ẹ̀dì bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, tí ọmọ ọdún mẹ́rin sì na gbalaja sáàárín. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi tí mo ti ń rán tìmùtìmù fún gbogbo ayé láti ọdún yìí wá, bẹ́ẹ̀dì há mọ́ ọmọ tèmi, kí ni mo tún ń wò? Mo gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀, mo yọ aṣọ onílà tó nípọn tí mo ti ń tọ́jú jáde. Mo sùn gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí Onídìrí fi ẹfun fa ìlà yí mi ká, nítorí ìwọ àti èmi ga bákan náà. Ó fà á. Mo ní kí ó tún fa ti ọmọ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó na ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ síta dáadáa. Ó fà á. Mo wá ní kí ó fa àgbà kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ó bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní àlejò ni. Ó wò mí, ó fà á.

Àpò òwú mẹ́rin ló wọ inú rẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi rán an. Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e sórí lọ́rì tó ń kó pákó bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Mo dúró lójú ọ̀nà títí n kò fi rí ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé láti jẹun ọ̀sán.

Àfi ìgbà tí o pè tí o ní sùn ni. Pé bẹ́ẹ̀dì kékeré kan wà tí o rà fún ọmọ, tó ní ọgbà igi lẹ́gbẹ̀ẹ́, pé o fẹ́ kí ó máa dá sùn nínú rẹ̀ ni, pé òun ló ní àfi kí o wá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. O ní bí o bá ti fẹ́ dìde lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí, ara rẹ̀ á mọ̀ pé ibi tí o wà ti ṣófo, á jí, á di etí aṣọ rẹ mú, á fi igbe bọnu, àbúrò ọkọ rẹ ò ní lè gbà á, ìwọ á pẹ́. Ọ̀gá búrẹ́dì ti kìlọ̀ fún ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ẹ̀ẹ̀kẹta kí o jókòó sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo ti fi ń kọ́ ọ, ó ti ń gbà díẹ̀díẹ̀, ni tìmùtìmù mi bá dé. Kò wọ yàrá, ẹ tẹ́ ẹ sí pálọ̀. Ìyá Kékeré yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, ó ní Màmá Àgbà ló ní kí gbogbo èèyàn máa sùn pọ̀, láti ọjọ́ náà kò sì padà sínú bẹ́ẹ̀dì ọlọ́gbà mọ́. Ọmọ mi, má bínú. Ọwọ́ mi ló ṣìṣe. Ká a, fi okùn dì í, kí o gbé e dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí o sì jọ̀ọ́, máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni o fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Onídìrí bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Mo dúpẹ́ pé o fi ránṣẹ́ sí èmi náà, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣe irú ìyẹn fún èèyàn. Wọ́n kọ MO DÁ SÙN sókè rẹ̀ gàdàgbà, wọ́n to orúkọ ọjọ́ méje sísàlẹ̀, àpótí kọ̀ọ̀kan wà níwájú wọn fún ìràwọ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá pé ẹni tó bá dá sùn fún ọjọ́ méje láìyẹ̀ yóò gba ẹ̀bùn. Mo fi bírò mi kún un. Ọjọ́ Ajé, mo dá sùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo dá sùn. Mo kún un dé Àìkú, kò sí ọjọ́ tó yẹ̀. Ìgbà tí mo parí ni mo rí i pé àpótí méje ò gbà mí, torí láti ìgbà tí o ti lọ, ọdún mọ́kànlélógún ni. Mo wá fẹ́ kí o bá mi wádìí lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ọmọdé tó fún ọ ní fọ́ọ̀mù náà, ṣé láti ìgbà tí fọ́ọ̀mù jáde ni wọ́n á ti máa kà á, àbí wọ́n máa ń ṣírò ti ẹ̀yìn mọ́ ọn? Àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì máa ń gba ti ẹ̀yìn.

Ohun méjì ló dà mí láàmú lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí òbí buwọ́ lù ú, àwọn òbí mi sì ti kú, mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo. Èkejì ni pé wọ́n fẹ́ kí ẹnìkan jẹ́rìí pé lóòótọ́ ni. Mo ronú ronú. Ẹni tó dá sùn, ta ló máa jẹ́rìí sí i? Onídìrí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ bi í, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ sí i. Mo fi fọ́ọ̀mù náà sínú lẹ́tà yìí.

O tún ní o ti ra òṣùpá oníke kan tí ẹ ń ki bọ ojú iná lára ògiri, tó máa ń tàn nínú yàrá rẹ̀ kí ó má baà bẹ̀rù. Ó dára. Ṣé ó máa ń kéré tí oṣù bá ń parí, àbí bó ṣe wà náà ló máa ń wà? Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà, màá sọ òótọ́ fún ọ kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Nígbà tí o gbé fóònù síwájú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọlọ́gbà pé kí n pàlọ́ fún un kí ó fi sùn, mo pa á, ó ń gbè é, ojú rẹ̀ wà lórí fóònù bí ojú ìyá mi tó bí mi gẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, kò gbè é mọ́. Ó wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ojú rẹ̀ là, kò mira. Mo ní áà, àlọ́ ti mú un, ó ti sùn, àwọn ọmọ kan máa ń lajú sùn. Mi ò fẹ́ jí i. Mo di ẹ̀mí mi mú, mo fi ìka bo ẹnu sí adìyẹ. Mo ń wò ó. Ó pẹ́ gan-an tí mo ti wo ẹnìkan tó ń sùn. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kú, kí Onídìrí tó yọjú láti tilẹ̀kùn, tó ní nẹ́tíwọ̀kì ti lọ tipẹ́, pé àwòrán lásán ni mò ń wò. Ó ní kí n jẹ́ kí òun pa á. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i.

O bi mí pé báwo ni mo ṣe kọ́ ìwọ láti dá sùn, kí o lè kọ́ ọmọ rẹ bẹ́ẹ̀. Mo dákẹ́, o sì ń pariwo hẹ́lò, hẹ́lò, o rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Mi ò kọ́ ọ ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ nígbà tí bàbá rẹ kú, bẹ́ẹ̀dì wá fẹ̀ jù fún mi, mo bá gbé ọ sórí rẹ̀. O wà níbẹ̀ títí o fi pé ọdún mọ́kànlá. Àwọn èèyàn ń sọ pé ọmọ yìí ti dàgbà, kí n tẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, mo ń sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà á. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Ẹ̀rù kankan ò bà ọ́ nígbà náà.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin wá mú ọ lọ síléèwé lọ́dọ̀ rẹ̀, mo di ẹrù rẹ, mo fi ọṣẹ sí i, mo fi bàtà sí i, mo kọ́ ọ bí o ṣe máa kí wọn láàárọ̀, mo ní kí o máa fọ àwo kí wọ́n tó ní kí o fọ̀ ọ́. Mi ò rántí kọ́ ọ ní sísùn. Mo ronú nípa oúnjẹ rẹ, mo ronú nípa owó iléèwé rẹ, ìyẹn kò wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí ilẹ̀ wá ṣú ní ọ̀hún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ta ló kọ́ ọ? Ọdún mọ́kànlélógún rèé, mi ò bi ọ́ rí. Ṣé o sunkún? Ṣé wọ́n bá ọ wí? Bí o bá rántí bí o ṣe ṣe é, ohun tí o máa ṣe fún Ìyá Kékeré nìyẹn, ó ju ohunkóhun tí èmi lè sọ lọ. Kí o sì kọ ọ́ sí èmi náà, jọ̀ọ́, kí n lè mọ̀ ọ́n.

Mo wo adìyẹ náà bóyá màá rí ọgbọ́n kọ́ lára rẹ̀, àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fẹ́ wọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ lánàá, ló bá fi ẹnu ṣá a. Mi ò lè kọ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sí ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìkan ni mo mọ̀. Bí èèyàn bá ń ki òwú sínú tìmùtìmù, kì í fa ọwọ́ yọ lẹ́ẹ̀kan náà, torí bó bá fà á yọ lójijì, ihò á wà níbi tí ọwọ́ ti kúrò, ẹni tó bá sùn lé e á sì máa rì sínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la máa ń fà á, kí òwú lè máa dí ẹ̀yìn ọwọ́. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Lákọ̀ọ́kọ́, gbé ọwọ́ lé e títí á fi sùn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ọwọ́ wà lórí ọgbà bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà kí o jókòó sórí àga, kí o máa sún àga náà sẹ́yìn, sún pẹ̀lú àmì òkè, títí o fi máa dé ẹnu ọ̀nà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ìborùn tí o máa ń wọ̀ síbi iṣẹ́, má fọ̀ ọ́, fi wé ìrọ̀rí rẹ̀, kó lè máa gbọ́ òórùn búrẹ́dì nígbà tí o bá ti jáde.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. O ní nọ́ọ̀sì ọmọdé sọ pé títí tí dídá sùn yóò fi mọ́ ọn lára, kí ẹ má gbé e lọ sùn níbòmíì, torí náà ẹ ò ní lè wá ní ìsinmi iléèwé yìí. Kíákíá lo sọ ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ń parí lọ. Mo ní kò burú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ pé kò burú. Ó burú, ọmọ mi. Ọmọ ọdún méjì ló wà nígbà tí mo rí i kẹ́yìn. O ní tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, orí bẹ́ẹ̀dì mi ló máa gùn, mi ò sì ní lè lé e, gbogbo ohun tí o ti kọ́ ọ á bàjẹ́. Òótọ́ lo sọ, mi ò ní lè lé e. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí ó lè ti mọ́ mi lára kí ó tó dé.

Ṣùgbọ́n mo ti ronú sí i, mo sì ti rí ọ̀nà. Ẹ wá. Yàrá mi á jẹ́ ti Ìyá Kékeré, òun nìkan, lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, pẹ̀lú òṣùpá rẹ̀ tí ẹ bá lè gbé e wá. Ìwọ á sùn ní pálọ̀. Èmi á máa lọ sùn nínú ṣọ́ọ̀bù, òwú wà níbẹ̀, kò sí ohun tó máa dùn mí. Àmọ́ mo mọ ara mi. Bí ó bá jí, tó pe Màmá Àgbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, màá ti gbé e mọ́ra kí n tó rántí nọ́ọ̀sì. Nítorí náà, owó tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ lóṣù yìí, kì í ṣe ti páànù, kì í ṣe ti awò ojú, àwọn yẹn lè dúró. Owó àgádágodo ni, kí ó jẹ́ èyí tó lágbára. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí ìwọ fúnra rẹ tì mí mọ́nú ṣọ́ọ̀bù láti ìta, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ, kí o wá ṣí mi tí ọmọ bá ti jí. Sọ fún nọ́ọ̀sì pé ìyá rẹ ti gbà bẹ́ẹ̀. Bá mi ṣàlàyé fún un dáadáa. Mi ò bèèrè òru lọ́wọ́ rẹ̀, àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ tó mi.

Ọlọ́run á dá ọ lóhùn kí o tó pè É. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọkọ rẹ á gúnlẹ̀ láyọ̀. Ìyá Kékeré á mọ bí wọ́n ṣe ń dá sùn, á mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ láyé rẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n tó mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Onítìmùtìmù.